Tírélà Onítáyà Mẹ́rin Tí Bihi Fà Dé

Ọjọ́ 4, Oṣù Kẹta

Bihi dé lónìí. Kì í ṣe òun ni àwọn ará Aguerd, abúlé wa, jáde lọ wò, tírélà tó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni. Onítáyà mẹ́rin, irin funfun tí kò tíì mọ ìpẹtà, iná pupa kéékèèké yí ìdí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ilé ló tú síta. Mamas, ìyá ìyàwó mi, tí orúnkún kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé ní gbogbo ìgbà òtútù, sọ̀ kalẹ̀.

Ijja gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ tírélà náà. Ó fi ọwọ́ náà lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń fọwọ́ kan àpótí oyin láti mọ̀ bóyá ara kòkòrò inú rẹ̀ yá. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti gbé e níyàwó. N kò rí i kó fọwọ́ kan tírélà tiwa bẹ́ẹ̀ rí.

Tiwa wà lábẹ́ igi argan, onítáyà méjì, èyí tí alágbẹ̀dẹ Ayt Melloul rọ fún bàbá Ijja kó tó kú. Mo lọ fi gírísì sí orí ìkọ́ rẹ̀. Kò nílò gírísì.

Owó epo dísù tún ti lé. Afẹ́fẹ́ òkun, òtútù.

Ọjọ́ 5

Ọmọ wa Tuda pè láti Agadir. "Bàbá mi, mo gbọ́ pé ọkọ àárọ̀ màmá mi ti dé!"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá àgbà ni. Wọ́n ní ó ti sanra."

Ẹ̀rín ni ó fi ń ṣe. Bihi kò fẹ́ Ijja rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, àwọn àgbà sì ti ń pè é ní ọkọ rẹ̀, bí àṣà ibí, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń da ewúrẹ́. Ó lọ sí Faransé, ó fẹ́ ará ibẹ̀, èmi sì dé. Nísinsìnyí ará ibẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Kò sì sanra rárá.

Ọjọ́ 8

A jókòó mu tíì ní òwúrọ̀. Bihi ní tírélà òun ń gba ẹgbẹ̀rún méjì kílò, nítorí náà kí Ijja kó gbogbo àpótí oyin rẹ̀, méjìdínláàádọ́ta, sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí àkókò òdòdó ọsàn bá tó.

"Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan," ni ó wí. "Kí la fẹ́ máa lọ, tí a fẹ́ máa bọ̀ fún, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi?"

Mo ní, "Bihi, ẹgbẹ̀rún méjì tí wọ́n kọ sí i lára, tòun ti ara rẹ̀ ni. Tírélà náà fúnra rẹ̀ wúwo tó 450. Yọ ìyẹn kúrò. 1550 ló kù fún ẹrù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà! Ṣé wọ́n ń wọn àwo mọ́ ẹran ni?"

"Òfin ń wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Táyà náà ń wọ̀n ọ́n mọ́ ọn, torí òun ló gbé àwo. Ó tún ku ọkọ̀ tó ń fà á. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè fà, ó sì lè kéré sí iye tí tírélà lè gbé. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì la máa ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀rọ̀ ọrùn."

"Ọrùn ta ni?" ni Mamas béèrè.

"Ọrùn tírélà ni, Ìyá. Irin gígùn tó so ó mọ́ ọkọ̀. Nínú ìwúwo mẹ́wàá, ó yẹ kí nǹkan bí ẹyọ kan jókòó lé ìkọ́ ọkọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á rì, iwájú á gbé sókè, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ó bá kéré jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù bí ajá tó rí olówó rẹ̀."

Mo ti fi horo ṣúgà ṣe táyà, mo fi ṣíbí ṣe ọrùn, mo ń to èso álímọ́ńdì sórí ṣíbí náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ijja ni ó ń wò mí.

"Bàbá Tuda," ó ní, "tíì yín ti tutù."

Bihi rẹ́rìn-ín. Ijja náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni n kò rí gbé mì títí di àkókò tí mo ń kọ èyí.

Ọjọ́ 14

A kó oyin lọ sí oko ọsàn ní Ouled Teima. Bihi kó ọgbọ̀n àpótí, mo kó méjìdínlógún. Wọ́n ṣì fúyẹ́, wọ́n ti jẹ oúnjẹ ìgbà òtútù wọn tán, kò sí èyí tó kọjá 26 kílò. Ó débẹ̀ ṣáájú mi. Olóko ti bu tíì fún un. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, olóko bi mí bóyá èmi ni ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

Bihi lọ kírun, mo yí tírélà rẹ̀ ká. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. Mo sọ fún un nígbà tó dé. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀gbọ́n," ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó tán. N kò mọ ohun tí mo ń retí.

Ọjọ́ 22

Òjò láti àná. Ó dára fún ọsàn.

Ijja fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ ti tírélà ńlá. Ìwé tó ní kò jẹ́ kó fa ohun tó bá ju 750 kílò lọ. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìfẹ̀yìnrìn. Mo mú un jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà á fún un nínú iyẹ̀pẹ̀: bí iwájú ọkọ̀ bá lọ sápá òsì, ìdí rẹ̀ á lọ sápá ọ̀tún, ìkọ́ á wá ti ọrùn tírélà lọ sọ́tùn-ún, ìdí tírélà á sì gba òsì. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ó ti yé òun, ó wọ ọkọ̀, ó sì fi tírélà há ara ògiri.

Lónìí, nígbà tí òjò dá díẹ̀, mo gbọ́ tí Bihi ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. "Ijja, gbàgbé gbogbo ìyẹn. Di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá lọ, ibẹ̀ ni ìdí tírélà ń lọ. Ó parí."

Ijja fi ẹ̀yìn wọ inú àgbàlá, ó gúnlẹ̀ sáàárín òpó méjèèjì láìfara kàn wọ́n.

Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní ìyẹ̀wò ọkọ̀ ní Rabat fi hàn wá ní ọjọ́ kìíní. N kò sọ ọ́ fún un torí pé kò ṣàlàyé nǹkan kan.

Ọjọ́ 23

Ó ń kọrin nínú ọkọ̀. Láti inú ilé ni mo ti ń gbọ́.

Ọjọ́ 6, Oṣù Kẹrin

Òdòdó ọsàn ti tú pátápátá. Gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń ta sánsán. Mo wọn àpótí díẹ̀: àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, tí oòrùn àárọ̀ ń kọ́kọ́ bà, ti di 40 kílò, òmíràn 44. Àwọn tó wà nídìí ògiri ṣì wà ní 26. Oyin kan náà, oko kan náà.

Bihi ti bá Ijja sọ̀rọ̀ láìsí mi níbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n da òwò pọ̀: tírélà tirẹ̀, àpótí ti Ijja, kí wọ́n máa pín oyin tó bá jáde. Ijja sọ fún mi nígbà tó ń po àmílù, álímọ́ńdì tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ epo argan, ó dojú kọ ọlọ.

Mo ní, "Orúkọ ta ló wà lórí ìwé tírélà náà?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo béèrè. Kò fi pa mọ́. Orúkọ àbúrò ìyàwó tó kọ̀ ọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kàn fi sílẹ̀ fún un ni, oṣù díẹ̀ ni wọ́n sì gbà á láyè láti fi lo tírélà òkèèrè níhìn-ín.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ Ijja. Mo ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni òfin mọ̀. Mo ní bí ìkọ́ bá já, tí tírélà náà wọlé onílé, ọkùnrin kan ní Perpignan, ní Faransé, tí kò mọ oyin yàtọ̀ sí eṣinṣin ni wọ́n máa wá, Ijja ni wọ́n sì máa rí mú. Mo ní ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kì í bo tírélà tó wúwo tó báyẹn, ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan dòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ni ín.

Ó dá ọlọ dúró. "Bàbá Tuda, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí?"

"Òótọ́ ni."

"Bí ó bá jẹ́ àjèjì ló ni tírélà yìí, ṣé ẹ ó sáré bẹ́ẹ̀ lọ béèrè ìwé rẹ̀?"

Mo bu èso álímọ́ńdì kún ọlọ.

"Wàhálà tí mo ní nìyẹn," ó ní. "Òótọ́ ń ti ẹnu yín jáde, ṣùgbọ́n owú ló ń tì í jáde. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì?"

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi yẹ ọkọ̀ wò ní Agadir. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Ọjọ́ 13

Mo wọn ọrùn tírélà Bihi lónìí nígbà tó lọ sọ́jà. Mo fi òkúta sé táyà, mo gbé òṣùwọ̀n ilé sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, mo to igi lé e títí tó fi ga dé ibi tí ìkọ́ ọkọ̀ máa ń wà, mo wá sọ orí ọrùn kalẹ̀ sórí igi náà. Bí ó bá wúwo ju ohun tí òṣùwọ̀n lè kà lọ, èèyàn á tẹ́ pákó gígùn, á fi òṣùwọ̀n sí ìdí kan, á fi òkúta sí ìdí kejì. Kò nílò rẹ̀. Òfìfo ni, ó sì gún régé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó gún régé síbẹ̀.

Mamas ti ń wò mí láti orí òrùlé. Ó kígbe sí obìnrin ilé kejì, "Ẹ wá wo ọkọ ọmọ mi! Ó ti fẹ́ tírélà Bihi níyàwó, ó ń wọn ọrùn rẹ̀ fún ẹ̀gbà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ 19

Shergi bẹ̀rẹ̀ lónìí, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti aṣálẹ̀. Òdòdó ọsàn ń já bọ́ bí ìyàngbò. Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ àwọn olóyin fi ń fún oyin wà ní abúlé kejì, kò sì ní tètè ṣófo. Bí a bá dúró, kòkòrò oyin kò ní rí nǹkan jẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí wọ́n ti kó jọ. Ijja ní a ó kó wọn bọ̀ wálé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú oyin nínú.

Bihi: "Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀."

Èmi: "Wọ́n ti wúwo. Bí a bá fi 35 ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta á kọjá 1550."

Bihi: "Ẹnjiníà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti rí ohun tí mo ṣe tí kò kọjá nǹkan kan lójú yín?"

Ijja ní, "Bihi, ọgbọ̀n. Bàbá Tuda, méjìdínlógún. Bí a ṣe lọ la ó ṣe bọ̀. Ó tán." Kò wo ojú ẹnì kankan nínú wa. Ó ní òun á wà nínú ọkọ̀ Bihi torí omi kòkòrò oyin wà níbẹ̀. Omi náà lè wà nínú ọkọ̀ mi.

Ọjọ́ 20

A ti kó ẹrù. Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń sé ẹnu àpótí, bí kòkòrò bá ti wọlé tán. Olóko àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́.

Ẹ̀gbẹ́ tírélà Bihi ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ijja máa wà níwájú ẹrù yẹn. Mo ní kí wọ́n kó àwọn tó wúwo sí àárín, lókè táyà gan-an, kí wọ́n fi díẹ̀ ṣáájú táyà ju ẹ̀yìn lọ, kí apá òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Mo jẹ́ kí Bihi tú ìlà méjì kalẹ̀ kó tún un tò. Kò jiyàn. Ó kàn ń gbé e, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Níbí, ẹ̀gbọ́n? Àbí kí n gbé e sórí yín?" Mo wọn ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa okùn kọ̀ọ̀kan wò. Inú mi dùn sí i bí ẹni tó ṣe é fún ara rẹ̀.

Wọ́n ti kó tèmi tán nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti dì í. Méjìdínlógún pé.

Ọjọ́ 21

Apá mi ti wú. N kò lè kọ.

Ọjọ́ 23

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

A gbéra kí oòrùn tó yọ. Mo ṣíwájú. Mo sọ pé ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ mi dára jù, ṣùgbọ́n ìdí ni pé n kò fẹ́ wo ẹ̀yìn orí Ijja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bihi fún gbogbo ọ̀nà. Ìgòkè kò ní wàhálà. Ní ìsọ̀kalẹ̀ tó wà ṣáájú odò ni mo gbọ́ ọ nínú ìjókòó kó tó dé ọwọ́ mi: ìdí ọkọ̀ ń fì. Mo wo dígí. Tírélà lọ sósì, ó lọ sọ́tùn-ún, ó tún lọ sósì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣe ohun tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò tẹ bíréèkì. N kò jà pẹ̀lú sítíárìn, mo dì í mú gbọọrọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni, ọkọ̀ kò rọra, kọ́nà sì dé. Orí ọrùn tírélà ré kúrò lórí ìkọ́. Ṣéènì ààbò tó so ó mọ́ ọkọ̀ dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ré bọ́ sí àfonífojì. Ó dojú dé sẹ́bàá ọ̀nà.

Ìró kòkòrò oyin tó bínú kò jọ ìró kankan.

Ijja sáré kọjá lára mi láìda nǹkan bojú. Ó wọ àárín wọn, ó ń gbé àpótí tó là dìde, ó ń fi ọwọ́ lásán to afárá padà sínú rẹ̀, oyin ń ṣàn lọ sórí ọ̀dà títì. Bihi da ìborí tirẹ̀ lé e lórí láti ẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ wá ṣíjú sílẹ̀. Wọ́n ta á títí ojú rẹ̀ fi dí. Mo rí i pé ó ṣe é, èmi tí mo ní ìborí lórí, mo sì jowú pé kì í ṣe èmi ló ṣe é. Ní àárín gbogbo ìyẹn. Mo kọ ọ́ torí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Méje bàjẹ́ pátápátá. Mọ́kànlá yè. Nígbà tí a kó wọn dúró tán, Ijja jókòó sórí òkúta, ó ń fa oró jáde lára ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọn ti Bihi," ni ó wí.

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Tiyín ńkọ́?"

Bihi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ó lè fi mí ṣẹ̀sín. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn lọ wo ṣéènì. N kò lè dárí ìyẹn jì í.

Ọjọ́ 26

Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wọn gbogbo àpótí tó kù, mo ṣírò àwọn tó bàjẹ́ láti ara oyin tí a gbà padà.

Àròpọ̀ ẹrù àti tírélà kò kọjá òfin, ó fi bíńtín kéré sí 750 tí wọ́n kọ sí tiwa lára. Ibi tí ẹrù jókòó sí ni. Ní ìrọ̀lẹ́, àpótí tí kòkòrò rẹ̀ kéré ló ń kọ́kọ́ dákẹ́, torí ìwọ̀nba tó jáde ti tètè wọlé. Èyí tó lágbára jù, tó kún fún oyin jù, ló ń pẹ́ kó tó wọlé, kòkòrò rẹ̀ á ṣì máa rọ́ wọlé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nítorí náà aláìlágbára ni wọ́n ń kọ́kọ́ sé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé, òun ló ń lọ síwájú. Alágbára ló ń gbẹ̀yìn, ìdí tírélà ló ń bọ́ sí. Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn tèmi, 44 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tó wà níwájú kò ju 26. Ọrùn tírélà mi kò jókòó lé ìkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé e sókè ni.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sin oyin níhìn-ín ti ń kó ẹrù láti ìgbà bàbá Ijja. Pẹ̀lú àpótí fífúyẹ́ kò jẹ́ nǹkan. Mo mọ èyí lórí tírélà Bihi, mo sì jẹ́ kó tú ìlà méjì kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá péré ni tèmi wà sí i.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ijja. Kò sọ nǹkan nípa tíì. Ó gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ó ní, "A kò lè ní kí alágbára tètè wọlé. Ẹ jẹ́ kí á máa to iwájú àti ìdí, kí á fi àárín sílẹ̀ fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tírélà Bihi ń ṣí. Tiwa kì í ṣí.

Ọjọ́ 9, Oṣù Karùn-ún

Èmi àti Bihi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ayt Melloul nítorí tírélà wa. Ọ̀pá táyà rẹ̀ ti tẹ. Alágbẹ̀dẹ ní iye tí òun á gbà tó láti ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì. A jókòó jẹ tajín, ẹran sísè inú ìkòkò amọ̀, láti inú àwo kan náà.

Bihi ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ọrùn."

"O fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti fa tírélà yẹn láti Perpignan wá dé ibí. Mi ò wọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí tiyín dojú dé, mo bojú wẹ̀yìn wo tèmi. Mo ní, èmi nìyẹn."

Mo kọ́ ọ. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ì bá sàn fún mi kó má tètè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ 17

Ijja pe àwa méjèèjì jókòó. Mamas wà níbẹ̀, ó fi àkàrà-ọkà bọ epo argan, ó ń gbọ́.

Ijja ní òun á ra tírélà náà. Oyin ọsàn tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló máa san án. Kí Bihi pe ọkùnrin Perpignan, kó fọwọ́ sí ìwé títà, kí wọ́n san owó ibodè rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tuntun sí i.

"Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ?" ni Bihi béèrè. Ó wò mí.

"Tèmi."

"Tìrẹ nìkan?"

"Ta ló ni oyin?"

Mamas ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin méjì wà nínú yàrá yìí."

"Mo rí wọn, Ìyá. Mo ti ń rí wọn láti oṣù kẹta."

Bihi ré èékánná rẹ̀ jẹ. Mo mọ ohun tó ń ronú, torí pé èmi náà ń rò ó: ó sàn bẹ́ẹ̀ ju kó jẹ́ ti ẹnì kejì lọ.

Ọjọ́ 2, Oṣù Kẹfà

Ó yege. Ó gba ìwé ìwakọ̀ náà lónìí. Ìwé tírélà ti dé ṣáájú, orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Ó pe Tuda, ó pe ìyá rẹ̀, ó wá pe Bihi, lẹ́yìn náà ló wá bá mi nínú yàrá, ó nà án sí mi. Ìkẹrin ni mí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló rìn wá bá.

Ooru mú. Azukni, ewéko olóòórùn tí kòkòrò oyin fẹ́ràn, ti ń tanná lórí òkè, wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti dé ojú ọ̀nà.

Ọjọ́ 7, Oṣù Kẹfà

A kó wọn lọ sí òkè lónìí. Àpótí mọ́kànlélógójì, a ti fún oyin wọn, wọ́n fúyẹ́, ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná a to iwájú àti ìdí, a fi àárín sílẹ̀, a dúró de àwọn alágbára títí wọ́n fi wọlé, a wá gba ẹ̀gbẹ́ kó wọn sí àárín. Ní òwúrọ̀ mo gbé òṣùwọ̀n àti pákó jáde láti wọn ọrùn. Ijja ti wọ̀n ọ́n. Ó ti fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára irin: 145. Mo wọ̀n ọ́n. 145.

Ó jókòó sídìí sítíárìn ọkọ̀ wa. Èmi àti Bihi la ó fi ọkọ̀ Bihi tẹ̀ lé e.

Bihi ní, "Ta ló máa jókòó tì ọ́?"

"Báàgì mi."

Ó gbéra. A dúró, a ń wò ó bí ó ṣe ń gba kọ́nà àkọ́kọ́. Tírélà náà tẹ̀ lé e gbọọrọ, kò fì.

"Ó gba kọ́nà yẹn dáadáa," ni Bihi wí.

"Mo rí i."

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Mo mọ̀, Bihi."

Ó ku díẹ̀ kó wọ kọ́nà kejì nígbà tí iná pupa ìdí tírélà tàn. Ó dúró. Ọwọ́ kan yọ láti ojú fèrèsé, ó ń pe ẹnì kan.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀rín ni ì bá jẹ́ fún ẹni tó bá rí wa, àgbàlagbà ọkùnrin méjì lójú ọ̀nà olókùúta, tí ọ̀kan kò fẹ́ kí èkejì ṣáájú. Ó yára jù mí lọ. Ó ti ń kọjá mi. Lójijì n kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti dúró, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ijja, èémí mi kò délẹ̀. "Ìró kan ń dún lábẹ́ rẹ̀," ó ní.

Mo dọ̀bálẹ̀ wò ó. Ṣéènì ni, ó gùn díẹ̀, ó ń ha ilẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan kó gbé sókè. Mo dìde, mo gbọn eruku, mo ti la ẹnu láti sọ ìdí tí ṣéènì kò fi gbọ́dọ̀ gùn jù, tí kò sì gbọ́dọ̀ kúrú jù, torí kọ́nà.

Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, ó jù ú sẹ́yìn.

"Ẹ wọlé," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan."

Mo wọlé. Ó gbéra jẹ́jẹ́. Nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mo rí Bihi lẹ́yìn wa lójú ọ̀nà, ó ṣì bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sìlípáàsì aláwọ ni ó wọ̀. Kò ní okùn.